Ohun Tó Ń Fọ́ Láìsí Ẹni Tó Lù Ú

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi ara yín pé iṣẹ́ wo lẹ máa kọ́, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi Mudaṣírù, ọmọ Ìkirè tó di ará Sàǹgó, ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Télọ̀ ń rí aṣọ tó ń rán, káfíńtà ń fọwọ́ kan pákó rẹ̀. Èmi, ohun tí mo tọ́jú títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò fojú rí i rí. Kò ní òórùn, kò dún, kò sì gbóná tó ohun tí ọwọ́ lè mọ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó o. Oṣù kẹjọ nìyí tí Rábíátù ìyàwó mi ti papò dà. Ilé dákẹ́ jù, bóyá òun ló jẹ́ kí n mú bírò.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ọdún méjì kún un ní iléèwé mọ́dà, owó tán. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ń gbé ní Ìlo-Àwẹ̀là ló mú mi wọ iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ìgò. Owó tí wọ́n ń san kò tó ohun à ń fi yangàn, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ṣọ́bìrì ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́. Yanrìn funfun ni wọ́n ń yọ́ di ìgò, èmi àti Kàmọ́rù ẹlẹ́sẹ̀ gígùn àti Gọ́díwìn ọmọ Asaba la sì ń kó o.

Ọ̀gá Bámgbálà ló mú mi kúrò nídìí ṣọ́bìrì. Ọmọ Ọ̀tà ni, Àwórì pọ́ńbélé, ó gbẹ bí ẹja tí wọ́n yan, kì í sì í fi eyín rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ìwọ yìí, kí lò ń kà lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, ṣọ́bìrì tí mo ti kó ni mò ń kà, kí n má baà parọ́ iye tí mo ṣe."

Ó ní, "Wá sọ́dọ̀ mi lọ́la." Gbogbo ètò ìgbanisíṣẹ́ mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ojú méjì ló wà ní iléeṣẹ́ wa tí kì í ṣe ojú èèyàn. Ọ̀kan wà lára ìléru, ó ń wo bí gíláàsì tó ti yọ́ ṣe ga tó nínú iná tí ẹ̀dá kò lè wò. Èkejì wà lára àpótí irin ńlá tí yanrìn ń gbà kọjá, ó ń wo omi inú yanrìn, nítorí bí omi bá pọ̀ níbẹ̀, ìwọ̀n á yẹ̀, ìgò á bàjẹ́. Nínú ojú kọ̀ọ̀kan, irin kékeré kan wà tí kò ju oríkèé ìka lọ, ìtànṣán tó ń jáde lára rẹ̀ lè ṣe ara léṣe, wọ́n sì dè é mọ́lẹ̀ nínú àpótí kékeré. Ti ìléru ń jẹ́ sísíọ̀mù. Ti yanrìn ń jẹ́ kalifọ́níọ̀mù. Àwa tí a ń tọ́jú wọn, "olójú" ni wọ́n ń pè wá nínú ọgbà.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni Ọ̀gá Bámgbálà fi ní kí n máa gbálẹ̀. Ní àràárọ̀, kí n tó mú ìgbálẹ̀, yóò bi mí, "Òfin mẹ́ta?"

"Jìnnà sí i, ṣe kíá, fi nǹkan dí i."

"Tún un sọ."

Mo lè ti sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà. Bí mo bá sọ pé, "Kò sí nǹkan, ọ̀gá," lórí ohunkóhun, á ní kí n lọ dúró síta. Ó kórìíra gbólóhùn yẹn bí ẹni kórìíra olè. Òfin kẹrin ni ti táàgì. Olúkúlùkù wa ló ní páànù kékeré tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ lára ojú, táàgì rẹ á wà níbẹ̀, awakọ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀ tí táàgì bá wà. "Ìgbà tí nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn bá le lo tó lè yọ táàgì," ni ọ̀gá wí. "Kì í ṣe èyí tó ṣáájú rẹ̀."

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ́ mi ní ìdí iṣẹ́ gan-an, ìdí ìléru ló mú mi lọ. Ó bu gíláàsì yíyọ́ díẹ̀, ó kán an sínú garawa omi. Ó mú nǹkan kan jáde tó rí bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi, orí rẹ̀ róbótó, ìrù rẹ̀ tín-ín-rín. Ó gbé e lé irin, ó ní kí n fi òòlù lu orí rẹ̀. Mo lù ú. Kò fọ́. Mo tún lù ú, òòlù ta padà. Ó wá fi aṣọ wé e, ó fi ẹ̀mú ṣẹ́ ìrù rẹ̀ báyìí, *tó!* Gbogbo rẹ̀ di ìyẹ̀fun.

"Mudaṣírù, níbo ni agbára yẹn ti wá?"

"Ọ̀gá, láti ọwọ́ yín ni."

"Ọwọ́ mi kẹ̀! Ìwọ tí o fi òòlù lù ú ńkọ́? Inú rẹ̀ ló ti wà. Ó ń ti ara rẹ̀, ó sì ń fa ara rẹ̀."

Ó wá bi mí bóyá mo ti gbọ́ nípa ìgò tó ń fọ́ ní sítọ́ọ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ta ni kò gbọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìgò tí wọn kò jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, á jókòó lórí àgbékà, á máa dán, lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta á là sí méjì.

"Ó dáa," ni ó wí. "Gbogbo nǹkan ayé ló ní kóró tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ti kalifọ́níọ̀mù wà lára àwọn tó wúwo jù lọ. Ohun tó kún inú rẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n ń ti ara wọn, agbára tó so wọ́n pọ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n tú ká. Púpọ̀ nínú wọn ń ta nǹkan kékeré dànù láti fi mí. Ṣùgbọ́n bí o bá kó ọgọ́rùn-ún jọ, bíi mẹ́ta nínú wọn, wọ́n á kàn là sí méjì. Ẹnì kan kò lù wọ́n. Ẹnì kan kò sì lè sọ èyí tó kàn."

Mo bi í pé ti ìléru náà ńkọ́. Ó ní sísíọ̀mù kì í là, ńṣe ló ń yí padà di nǹkan mìíràn. Àmọ́ ohun tó yí padà dà, púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í jókòó lójú ẹsẹ̀. Ó ń wà lórí ìdúró, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ja ìjà tí ara rẹ̀ kò tíì wálẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀, ìdajì wọn á ti jókòó, èyí tó bá sì jókòó á tu ìmọ́lẹ̀ kan sílẹ̀ tó lè gba inú irin kọjá. "Ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ojú wa fi ń ríran."

"Ọ̀gá, ta ló kà á pé ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ ni?"

"Àwọn tó ní sùúrù jù ọ́ lọ."

Ọdún kẹsàn-án tí mo débẹ̀ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Inú ààwẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ máa ń ṣètò ìṣínu fún àwa tí a ń gbààwẹ̀: àkàmù, àkàrà, ọsàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò gbààwẹ̀ ń yọ́ sórí ìlà, Gọ́díwìn tó jẹ́ ọmọ ìjọ ti gba àkàrà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Ni wọ́n bá ní ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ mú táàgì rẹ̀ wá, kí wọ́n lè wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun alásárì, mò ń dá ojú yanrìn padà sáyè rẹ̀ lára àpótí. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni. Mo ti fi sùpánà fún méjì le, mo fi ìka lásán yí ẹ̀kẹta. Ni Kàmọ́rù ké láti ọ̀nà jíjìn, "Olójú! Àkàrà ń tán lọ o!" Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni n ó lò. Mo yọ táàgì mi, mo sáré lọ.

Rábíátù ló wà lẹ́yìn mi lórí ìlà. A kò tíì fẹ́ra wa nígbà náà, mo kàn ń wá ọ̀nà àtibá a sọ̀rọ̀ ni. Òun ló ń wo ìgò níwájú iná, ìgò tó bá ní àbùkù bí irun orí, á rí i. Ó ní, "Bùọ̀dá Múdà, ẹ rọra o, àkàrà kò ní ẹsẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, mo na táàgì sí obìnrin tó ń pín in, mo gba mẹ́rin.

Àkàrà wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbọ́ ariwo irin.

Súnmọ́nù ọ̀rẹ́ mi, tó ń wa pélódà, ọkọ̀ tó ń fi garawa ńlá kó yanrìn, ni ó gbé yanrìn wọlé. Kò rí táàgì, ó sún mọ́ àpótí gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, garawa pélódà fi díẹ̀ kan irin, ojú já bọ́. Àpótí kékeré inú rẹ̀ là, kalifọ́níọ̀mù yí bọ́ sínú òkìtì yanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì tó ń gbé yanrìn lọ sínú iná. Bó bá bá bẹ́líìtì lọ, inú ìgò táwọn èèyàn ń mu nǹkan ni yóò bá ara rẹ̀. Ẹlòmíì á ti sá. Súnmọ́nù fò sílẹ̀, ó sáré *lọ sí* ìdí bẹ́líìtì, ó pa á. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó figbe ta. Sìkiọ́rítì náà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ẹvribọ́dì kọ́mọ́ọ̀tù!"

Ọ̀gá Bámgbálà dé, kò sáré, kò sì pariwo. Mo ti ń wọ́ òjé bọ̀, nítorí òjé la fi ń dí ti ìléru. Ó gbá mi lọ́wọ́. "Òjé kọ́! Omi! Èyí kì í bẹ̀rù òjé." Ohun tí kóró tó là ń tú jáde, inú òjé ló ń gbà kọjá bí atẹ́gùn ṣe ń gba inú àwọ̀n. Àmọ́ nínú omi, ó ń forí gbárí pẹ̀lú ohun tó tó o, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ sáré jáde ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Kó tó débi kankan, agbára rẹ̀ á ti tán.

Iná mànàmáná lọ lásìkò yẹn gan-an, omi ẹ̀rọ kò yọ. Súnmọ́nù ló ní, "Tánkì àlùwàlá ńkọ́?" Bí wọ́n ṣe ń kó bútà nìyẹn, ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n tò láti ẹnu mọ́ṣáláṣí ọgbà títí dé ẹnu ọ̀nà wa, a sì ń dúró lókèèrè da omi sórí òkìtì náà títí yanrìn fi di ẹrẹ̀.

Èmi àti ọ̀gá nìkan la wọlé. Bí a bá ti kà dé ọgbọ̀n, ẹnì kan á jáde, ẹnì kejì á wọlé. Mítà tó ń ké bó bá rí ìtànṣán wà lórí ọ̀pá gígùn, ẹ̀mú gígùn lọ́wọ́ kejì. Súnmọ́nù ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun náà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá kò dá a lóhùn. Ìgbà kẹfà tó wọlé, mítà figbe bọnu, ó fi ẹ̀mú mú irin náà, ó jù ú sínú dírọ́ọ̀mù tó kún fún ìda, tó ń dí i bí omi ṣe ń dí i. Oòrùn ń wọ̀ lọ. Omi tánkì ti tán pátápátá, iyẹ̀pẹ̀ la fi ṣe tayamọ́mù kí a tó kírun mùgúríbì.

Lẹ́yìn ìrun, mánéjà dé. Ọ̀gá bi mí lójú gbogbo èèyàn, "Mudaṣírù, ṣé táàgì rẹ wà níbẹ̀?"

Táàgì wà nínú àpò mi, mo ń mọ̀ ọ́n lára. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, ọ̀gá. Bóyá ó já bọ́ ni."

Súnmọ́nù yíjú sí mi. "Múdà, kò sí táàgì kankan níbẹ̀."

Mo wolẹ̀. Mánéjà ní kí Súnmọ́nù lọ jókòó sílé títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pé aago mẹ́wàá ni wọ́n máa fún un ní lẹ́tà ìlékúrò rẹ̀ lójú gbogbo wa. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì, kò tíì pé ogójì ọjọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, Dókítà Fọláṣadé wá láti yunifásítì. Òun ló máa ń wá lọ́dọọdún láti yẹ àwọn ojú wò. Ó yẹ irin náà wò, kò jò. Ó yẹ èmi àti ọ̀gá wò, ó ní ohun tó wọ ara wa kò pọ̀, omi ló gbà wá. Ọ̀gá, tí kì í yé bi èèyàn ní ìbéèrè, ní, "Dókítà, ǹjẹ́ kóró kan wà tó lè wà lórí ìdúró bíi ti ìléru, kó sì tún máa là bíi ti yanrìn?"

Ojú obìnrin náà tàn. "Ọ̀gá, ta ló sọ fún yín? Ó wà! Àwọn kóró wíwúwo kan wà, bí wọ́n bá jókòó, wọ́n á pẹ́ ju ìran èèyàn lọ kí wọ́n tó là. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bọ́ sórí ìdúró kan báyìí, tí ara rẹ̀ gùn bí ẹyin tí wọ́n fà, ó ti rìn dé agbedeméjì ọ̀nà nìyẹn. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti là."

Ọ̀gá mirí, ó ní, "Ọlọ́run tóbi." Èmi da àkàmù ìṣínu mi nù lọ́jọ́ náà. Mo forí lé ọ̀nà ilé Súnmọ́nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òótọ́ ni. Àwọn àgbà kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó dákẹ́ tí tẹlòmíì ń bàjẹ́.

Ọjọ́ Ajé, wọ́n kó gbogbo wa jọ sí yàrá ìjẹun. Àwọn obìnrin tó ń wo ìgò jókòó ní ìlà kẹta, Rábíátù wà láàárín wọn. Súnmọ́nù dúró níwájú, ó di fìlà rẹ̀ mú. Mánéjà ṣí ìwé. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan.

Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ẹ dúró. Mo parọ́. Táàgì mi kò sí níbẹ̀, nọ́ọ̀tì méjì kò sì le. Mo fi táàgì lọ gba àkàrà."

Gọ́díwìn bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Bámgbálà kò wò mí. Ohun tó sọ fún mánéjà ni pé kí wọ́n má lé mi, kí wọ́n dá mi padà sí ìdí ṣọ́bìrì fún ọdún kan. Ó wá yíjú sí mi: "Ohun tí a kò lè fojú rí lò ń tọ́jú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìkan la ní." N kò tíì gbọ́ ìwàásù tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí kankan.

Súnmọ́nù dúró dè mí níta. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó ní, "Àkàrà mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Olójúkòkòrò. O ò tiẹ̀ wá mú ọ̀kan wá fún mi."

Mo fi ọdún kan kó yanrìn. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó bi mí ní òfin mẹ́ta, ó sì gbé ìgbálẹ̀ fún mi. Inú ọdún ìgbálẹ̀ yẹn ni Rábíátù gbà láti fẹ́ mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ ń sọ pé olójú kò lè bímọ. Ọmọ márùn-ún ni Ọlọ́run fi dá wọn lóhùn, Wálíù ni àkọ́bí.

Ayé yí. Kalifọ́níọ̀mù kì í tọ́jọ́: kí ọdún mẹ́ta tó pé, ó ti dín sí ìdajì, nítorí náà ṣe la ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ bí ọjọ́ orí ọmọ, kí á má baà rò pé yanrìn gbẹ nígbà tó jẹ́ pé ojú ló ń rẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n kó o lọ, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń fi irú ìgbì rédíò wo omi. Kámẹ́rà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ sísíọ̀mù. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń tẹ kọ̀ǹpútà báyìí, wọn kò mọ òfin mẹ́ta, wọn kò sì nílò rẹ̀ mọ́. N kò bínú. Dókítà Fọláṣadé darúgbó, síbẹ̀ ó ń wá. Lọ́dún kan ó wọlé pẹ̀lú ayọ̀, ó ní wọ́n ti rí òdìkejì ohun tí òun sọ fún wa: kóró kan tó wúwo ju kalifọ́níọ̀mù lọ, tí wọ́n ń ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lókè òkun. Èyí tó wà lórí ìdúró, tó ń yí òòyì, ló ń pẹ́ ju èyí tó jókòó lọ. Òòyì náà ni kò jẹ́ kó tètè là. Ọ̀gá Bámgbálà ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀ ní Ọ̀tà. Mo lọ sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú, ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí eyín rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò pẹ́ tó fi lọ.

Rábíátù ló wá kàn. Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀, Súnmọ́nù wá láti Ìjòkó. Àwọn èèyàn ti lọ tán, àwa méjì la kù lórí bẹ́ǹṣì. Mo ń sọ ìtàn àkàrà yẹn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́, pé èmi fúnra mi ni mo jẹ́wọ́, ẹnì kan kò tì mí.

Ó ní, "Bàbá Wálíù, òótọ́ ni. Ẹnì kan ò tì ọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń retí rẹ."

"Ta ni?"

"Ìyàwó rẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an ló wá bá mi nílé. Ó ní òun rí táàgì lọ́wọ́ rẹ lórí ìlà. Mo ní kó jẹ́ ká jọ lọ sọ́dọ̀ mánéjà. Ó ní kí n fún ọ di ọjọ́ Ajé, pé bí wọ́n bá fẹ́ fún mi ní lẹ́tà tó ò sọ̀rọ̀, òun á dìde sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Mo ní, ṣé kó wá lọ bá ọ kó kìlọ̀ fún ọ. Ó ní rárá, pé òun ò gbọdọ̀ ràn ọ́ lọ́wọ́, pé òun fẹ́ mọ ẹni tí òun fẹ́ fẹ́."

Ogójì ọdún la fi jọ gbé. Kò sọ ọ́ fún mi rí, kódà lọ́jọ́ tí a jà jù lọ.

Mo ní, "Súnmọ́nù, ṣé lóòótọ́ ló máa sọ ọ́?"

"Mo dúró níwájú, mo ń wò ó. Nígbà tí mánéjà ṣí ìwé, ó ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti kúrò ní bẹ́ǹṣì. Bí o ṣe la ẹnu báyìí ló jókòó padà."

Mo ní kó tún un sọ fún mi. Ó tún un sọ.